Férémù Tí Kì Í Kán

Akínrìnmádé, má tíì sọ èyíkéyìí kalẹ̀ nínú férémù kẹ̀kẹ́ méjèèjì tí o so kọ́ sí ìsọ̀ rẹ fún títà yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó náà, ẹ ṣe sùúrù fún mi, ẹ ó ṣì fẹ́ táyà yín lónìí. Àlá kan ni mo lá lóru àná, bí mi ò bá sì rọ́ ọ fún yín, ẹ ò ní mọ ìdí tí mo fi mú èyí tí mo fẹ́ mú.

Ẹ ṣáà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bí mo ṣe ń fọ kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta Ìdànrè yìí, ni mo rí i pé férémù rẹ̀ ti là lábẹ́ ìjókòó, ibi tó là gùn tó ìka kan. Ká ní orí àpáta ló ti kán mọ́ mi lábẹ́ ni, òní ni ẹ̀ bá máa sọ pé èèyàn dáadáa ni mí nígbà ayé mi. Ìyàwó mi, Ìyá Tóun, fi ọwọ́ kan ojú ibẹ̀, kò pariwo. Ó ní, "Bàbá Tóun, ẹ lọ wá èyí tí kì í kán. Bí ẹ ò bá rí i, ẹsẹ̀ yín ò gbọdọ̀ kan àpáta yẹn mọ́." Ẹ mọ̀ ọ́n, bó bá ti fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti di òfin nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè, mi ò mọ irú ẹni tí n ó jẹ́ bí mi ò bá gùn ún mọ́. Ẹ̀rù yẹn ni mo gbé sùn.

Lójú àlá, mo rí i pé mo fi férémù tó là náà kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀, mo ń gun àtẹ̀gùn òkè lọ. Ojú ibi tó là ya ẹnu, ó ní, "Ẹ kú ìrìn, ọ̀gá."

Mo ní, "O ṣeun. Ṣé o sùn dáadáa?"

Ó ní òun ò sùn, pé atẹ́gùn ń wọ òun nínú. Mo fi ìka dí i, ó sì dúpẹ́ lábẹ́ ìka mi. Ó ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé ọ́fíìsì kan wà tí wọ́n ti mọ férémù tí kì í kán, àti pé òun mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Òfuurufú ni ọ́fíìsì náà wà. Wọ́n fi tíúbù kẹ̀kẹ́ so ó mọ́ igi kòkó kan kí ìjì má baà gbé e lọ sí Òǹdó. Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀, yóò máa wa pẹ́dà nínú afẹ́fẹ́ lásán ni. Mo wa pẹ́dà, mo sì débẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n ti tètè ṣílẹ̀kùn.

Akọ̀wé kan yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mẹ́ta." Mo na tèmi sí i.

Ó ní, "Ta ló bèèrè ojú tiyín? Ti ojú ibi tó là ni."

Ni ojú ibi tó là bá tún ara ṣe, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n yà á. Fọ́tò náà dára ju èyí tó wà lára káàdì ìdìbò mi lọ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: Ọjọ́ wo lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá.

"Ọ̀gá," ni ojú ibi tó là wí, "ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀."

"Kí ni mo ṣe?"

"Láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ni mo ti ń ké. Bí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, màá ní kíẹ̀, kíẹ̀. Ẹ ní ìjókòó ni, ẹ da ọ́ìlì mọ́tò sí i. Mo tún ké, ẹ ní ṣéènì ni, ẹ da ọ́ìlì sí ìyẹn náà. Bí ohunkóhun bá ti ké nílé yín, ọ́ìlì ni. Nígbà tó yá, ẹ ki wáyà fóònù bọ etí, ẹ ń gbọ́ orin."

Ojú tì mí gidigidi. Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́, mo kọ òjò àkọ́rọ̀ síbẹ̀, ni wọ́n tó gbà mí wọlé.

Ọ̀gá Àgbà jókòó sídìí tábìlì, ó de táì. Férémù méjì jókòó lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Àwọn méjèèjì tó wà lókè yẹn gan-an ni, Akínrìnmádé, títí kan okùn tí o fi so wọ́n. Èyí tó ń jẹ́ Alumíníọ́mù sanra, ó ń làágùn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Èkejì, Kábọ́ọ̀nù, tín-ín-rín, ó ń dán, gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ aṣọ dúdú tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ papọ̀, ó sì fúyẹ́ débi pé fáìlì mẹ́ta ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ mọ́ àga kó má baà fò lọ.

Mo bi Alumíníọ́mù bóyá ó máa ń kán.

"Mo máa ń kán, kí ni n ó purọ́ fún yín sí!" ló wí. "Ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ ké. Màá ké fún oṣù kan, oṣù méjì, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í pè mí síbi òkú. Àmọ́ bí mo bá ti là tán, ẹ má gbé mi lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà tó ń jó géètì o. Ẹ jẹ́ kí n sinmi."

Kábọ́ọ̀nù dúró títí ariwo fi rọlẹ̀. Ó ní, "Èmi le jù ú lọ. Bí mo bá ya, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè lẹ̀ mí bí ẹni lẹ aṣọ, màá sì tún máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí òkúta bá ta mí níkùn, inú lè bàjẹ́ kí ara ṣì máa dán. Èmi kì í sì í ké. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. A ó jọ máa rẹ́rìn-ín ni, títí di ọjọ́ náà."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ òótọ́. A bọ ara wa lọ́wọ́, tìfẹ́tìfẹ́. Mo wá kọjú sí Ọ̀gá Àgbà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni kì í kán nínú wọn? Ìyàwó mi ń retí èsì."

Ó wú ikọ́. Ó ní, "Ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà iṣẹ́ wa..." Ibẹ̀ ló dé tí irùngbọ̀n òbúkọ fi hù ní àgbọ̀n rẹ̀. Ìwo tẹ̀lé e. Táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀." Igbákejì rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ náà di ewúrẹ́, ó ní òun fọwọ́ sí i. Mo kí wọn kú iṣẹ́ ìlú. Òbúkọ náà gba fọ́ọ̀mù mi, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì fi pátákò lu òǹtẹ̀ mọ́ mi níwájú orí. Mo wo dígí tó wà lára ògiri. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni, Kò sí. Mo mọ̀ pé òkè ti tán fún mi nìyẹn.

Bí mo ṣe yíjú padà, ọ́fíìsì ti di ìsọ̀ ìkòkò. Yèyé mi tó bí bàbá mi, tó ta ìkòkò títí ó fi kú, jókòó síbẹ̀, ó ń fi ìka kan ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dẹtí sí i. Kó, kó: ó gbé e sápá kan. Ó mú Alumíníọ́mù, ó kàn án, ó ní ó dára. Ó kan Kábọ́ọ̀nù, ó ní ìyẹn náà dára. Ó wá kan orí mi. Ó dún kẹ̀.

"Èyí ló sán," ni Yèyé wí, ó ń wá àyè fún mi láàárín àwọn àpáàdì.

"Yèyé, èwo ni kí n mú?"

"Ohun tí gbogbo oníbàárà ń bi mí nìyẹn. Kò sí ẹni tó wá ra ìkòkò tí kì í kàn án. Wọn á kàn án, wọn á gbé e sétí, wọn á mi orí. Bó bá ti délé, ó parí. Ọjọ́ tí wọ́n rà á nìkan ni wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọjọ́ tó bá wá là sórí iná, wọn á ní èmi ni mo ta ìkòkò burúkú."

Kí n tó fèsì, ojú ibi tó là bẹ̀rẹ̀ sí í ké lọ́rùn mi. Kíẹ̀, kíẹ̀. Mi ò wá ọ́ìlì. Mo ní, "Mo ń gbọ́ ọ." Síbẹ̀ kò dákẹ́. Mo lajú.

Ilẹ̀ ti mọ́. Kíẹ̀, kíẹ̀. Ìyá Tóun jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wé gèlè rẹ̀, bó bá sì ti gbápá sókè báyìí, bẹ́ẹ̀dì á ké.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀dì yìí ń ké."

Ó wò mí bí ẹni wo àlejò. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́? Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ fún yín, ẹ ní kí n da ọ́ìlì sí i."

Mo wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Pákó kan ti là dé ìdajì níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyàwó mi nìkan ni mo ń rí láti ibi tí mo wà, bóyá ohun tó fún mi nígboyà nìyẹn. Mo ní, "Ìyá Tóun, mi ò rí èyí tí kì í kán. Kò sí. Méjì ló wà ní ìsọ̀ Akínrìnmádé: ọ̀kan máa ń ké kó tó kán, èkejì kì í ké."

Ẹsẹ̀ náà yí síhà ọ̀dọ̀ mi.

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ ti wá ń sọ òótọ́," ló wí. "Èwo ló máa ń pariwo níbẹ̀?"

"Alumíníọ́mù."

"Ẹ mú ìyẹn. Bí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ẹ máa gbé e wá bá mi nínú ilé, èmi ni n ó máa gbọ́ ọ. Etí tiyín ò dáa. Ẹ jáde níbẹ̀, kí ẹ lọ wá pákó."