Àga Ọwọ́ Ọ̀tún Tíṣà

Ẹni tí kò bá mọ Ìlá dáadáa lè rò pé gbogbo ìjọ tó wà níbẹ̀ ló ń pariwo. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ìjọ kan wà lẹ́yìn ọjà, ilé onípáànù oníyàrá méjì, tí èèyàn mẹ́rìndínlógún máa ń jókòó sí láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, láti aago mẹ́wàá títí di mọ́kànlá, tí wọn ò ní sọ̀rọ̀. Kò sí pásítọ̀, kò sí orin, kò sí igbá ọrẹ tí wọ́n ń gbé kiri. Orúkọ wọn gan-an ni Ìjọ Ọ̀rẹ́, àwọn tó kàwé a sì máa pè wọ́n ní Kúékà. Àwọn ará ọjà ní tiwọn, ẹ sá mọ ẹnu wọn, Ìjọ Adákẹ́ ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní irú ìjọ wo lèèyàn ń lọ tí kò ní làágùn bọ̀.

Òfin wọn kò pọ̀. Bí ẹ̀mí bá fi ọ̀rọ̀ sí ọ nínú, wàá dìde, wàá sọ ọ́, wàá jókòó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá ọ lóhùn, kò gbọdọ̀ bá ọ jiyàn. Oníkálukú yóò kàn máa rò ó nínú ara rẹ̀ ni. Wọn kì í búra, wọn kì í sì í purọ́. Tí aago mọ́kànlá bá lù, àgbà ìjọ yóò na ọwọ́ sí ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀, àwọn méjèèjì yóò bọ ara wọn lọ́wọ́, ìsìn parí nìyẹn. Bí wọn kò bá tíì bọwọ́, ìsìn ò tíì parí, ebi ìbáà máa hanni léèmọ̀.

Àgbà ìjọ náà ni Oyèdọ̀tun, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ìwé tó wá láti òkè òkun ní kí gbogbo ọmọ ìjọ máa pe ara wọn lórúkọ lásán, kí wọ́n má fi oyè kankan sí i. Hẹ̀n! Ní Ìlá níbí? Ọmọ ta ni yóò la ẹnu pe bàbá olórí funfun ní Oyèdọ̀tun gbáà, tí kò ní gba ìfọ́tí? Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó sì ń jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án ni Jàmíátù, opó kan tó ń yan gààrí lójúde ilé rẹ̀. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí, ó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ ló fa òun wá. Òun ló ń bójú tó oúnjẹ ìjọ.

Lẹ́yìn ìbọwọ́ ni Obed, akọ̀wé wọn, máa ń ka ìkéde láti orí fóònù rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún yìí, ó kà á pé ní ọjọ́ Sátidé, kí gbogbo èèyàn gbé ọkọ́ àti àdá wá, a fẹ́ ro àyíká. Ní Ọjọ́bọ̀, a ó lọ kí ìyá wa tó ṣubú ní Ọ̀tan Ayégbajú, ẹsẹ̀ ṣì ń dùn wọ́n. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù, àwọn Ọ̀rẹ́ bí ogún ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá jókòó pẹ̀lú wa, iyán la ó sì gún fún wọn. Jàmíátù ní òun gbà, òun ni yóò sè é.

Àwọn ọmọ ìjọ dá iṣu jọ, ó pé méjìlá, àwọn iṣu tó dára. Jàmíátù fi èédú fa ìlà méjì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan kó má bàa dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, ó sì kó wọn sí yàrá inú. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni yàrá náà ní. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èkejì wà lórí ìṣó nílé Tíṣà.

Ní Sátidé tí wọ́n fẹ́ roko, Tíṣà, tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, ṣí yàrá inú láti mú garawa. Ilẹ̀ gbalasa! Kò sí iṣu kan ṣoṣo níbẹ̀. Ó dúró, ó ń ṣe ìṣirò bí ẹni tó wà níwájú pátákó: kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà, tèmi wà lórí ìṣó, èmi kò gbé iṣu, ó ku ẹnì kan. Kò bi ẹnì kan náà léèrè. Ì bá bi í, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan wà tí kì í béèrè ohun tí wọ́n bá ti rò pé àwọn mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, tí gbogbo ilé pa lọ́lọ́, Tíṣà dìde. Ó ní, "Amòòkùn-jalè, bí ọba ayé kò rí ọ, ọba òkè ń wò ọ́. Iṣu àlejò wa ti pòórá. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà, èyí tó wà lọ́wọ́ tèmi kò kúrò lórí ìṣó." Ó jókòó.

Ẹ gbà mí o! Ẹ̀mí wo ló fi ìyẹn sí i nínú? Ìbínú ni, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀. Ó mọ̀ dájú pé ẹni tí òun ń bá wí kò lè fèsì, nítorí òfin ìjọ ti dí i lẹ́nu. Orí mẹ́rìnlá yí síbi tí Jàmíátù wà. Obìnrin náà kò sunkún, kò wò yíká. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó wolẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú tó kù. Nígbà tí àkókò ìbọwọ́ tó, Tíṣà fi orí ìka kàn án lọ́wọ́, ó sì gbójú sí fèrèsé.

Obed ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́lẹ̀. Nínú ìkéde ọjọ́ yẹn, ó ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun yóò bi gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ iṣu kàn léèrè níwájú ìjọ, kí kálukú sọ ohun tó mọ̀.

Níta, Jàmíátù sáré bá Tíṣà, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀, èmi pẹ̀lú yín nìkan."

"Ọ̀rọ̀ wo? Ọlọ́run ni kí o lọ bá sọ̀rọ̀." Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Jàmíátù kò wá. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò wá. Obed sì sún ìbéèrè rẹ̀ síwájú. Ẹnikẹ́ni kò jókòó sórí àga rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbé e kúrò. Láti parí ìsìn, Tíṣà ní láti na ọwọ́ kọjá lórí àga tó ṣófo, kí ó tó kan Obed lápá kejì. Àwọn èèyàn ní ìwà ọ̀daràn ló lé e. Tíṣà kò sọ pé kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀. Dípò èyí, ó dìde lẹ́yìn ìkéde, ó ní kí ìjọ fọkàn balẹ̀, òun yóò ti abà òun mú iṣu méjìlá wá dípò èyí tó sọ nù. Inú ìjọ dùn, wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àgbà tán nílé. Ó gbádùn àdúrà náà, kí n má purọ́ fún yín.

Ọjọ́ Ẹtì tó ku ọ̀tunla kí àlejò dé, Tíṣà gba ọ̀nà Òkè-Ìlá lọ sí oko. Ó wọ abà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa iṣu. Lẹ́yìn òkìtì iṣu tirẹ̀, ó rí àpò méjì tí kò mọ̀. Ó tú ọ̀kan. Ó yọ iṣu kan jáde. Ìlà dúdú méjì wà lára rẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ padà wá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: òjò àkọ́rọ̀, páànù ìjọ tó ń jò sórí iṣu, òun fúnra rẹ̀ tó sáré mú kọ́kọ́rọ́, tó di iṣu sínú àpò, tó dè é mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, tó gbé e wá síbi tí kò ti ní rà. Òtútù ti ń mú un kó tó kúrò ní abà lọ́jọ́ náà. Ibà dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ń sọ ìsọkúsọ, ìgbà tí yóò fi dìde, ọjọ́ yẹn ti yọ́ kúrò lórí rẹ̀ pátápátá. Tíṣà jókòó sórí ilẹ̀ abà. Ojú tì í débi pé ó ń tijú àwọn iṣu.

Nígbà tó délé, ó rò ó fún Dinah ìyàwó rẹ̀. Dinah gbọ́ ọ tán, ó pòṣé. "Bàbá Fúnmi, ẹ̀yin ṣáà ti ní ẹ ó mú iṣu méjìlá wá. Ẹ kó o lọ. Tí a bá ti bẹ ẹ́, èédú á bá èèpo lọ. Ta ló máa mọ̀?"

"Jàmíátù ńkọ́?"

"Ẹ lọ bá a nílé, ẹ bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Àṣé bí yóò ṣe rọrùn tó nìyẹn! Wọn yóò tilẹ̀ tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, ó lọ sílé Jàmíátù láti bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Agbada gààrí dojú dé, ìlẹ̀kùn tì. Aládùúgbò rẹ̀ kan ní ó ti lọ sí Iresi lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, àmọ́ ó ní òun ń bọ̀ lọ́la, nítorí òun ti ṣèlérí láti sè fún àlejò. Aládùúgbò náà wo Tíṣà láti òkè délẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni wọ́n fi kan obìnrin yìí ní ìjọ yín? Kò sọ nǹkan kan fún wa." Tíṣà yí padà. Ó rìn padà sílé, ó ti alùpùpù dání, kò rántí gùn ún.

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Bọ́ọ̀sì àwọn ará Ìbàdàn dé, Fúnminíyì ọmọ Tíṣà wà láàárín wọn, ilé kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tíṣà jókòó, àga tó ṣófo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àpò iṣu méjì wà lẹ́yìn ilé. Bí aago mẹ́wàá ààbọ̀, Jàmíátù yọ́ wọlé, ó so aṣọ ìdáná mọ́ ìdí, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀bá ìlẹ̀kùn. Kò wá sórí àga rẹ̀.

Tíṣà dìde.

"Èmi ni mo kó iṣu. Ilé ń jò, mo gbé e lọ sí abà mi, ibà kọ lù mí, mo gbàgbé. Mo dìde níbí, mo pe ẹlòmíràn lólè. Ẹ̀mí kọ́ ló rán mi. Ẹni náà bẹ̀ mí kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ òun, mo lé e. Àná, mo ṣì ń rò ó pé kí n dákẹ́. Iṣu ìjọ ni mo fẹ́ fi ta ìjọ lọ́rẹ." Ó jókòó.

Ká ní ìjọ mìíràn ni, wọn ì bá ti ké halelúyà, ẹnì kan ì bá ti sọ pé ó ti tán, bàbá, ẹ má sunkún. Níbí, kẹ́kẹ́ pa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá a lóhùn. Ó ń gbọ́ ìmí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú gbogbo èèyàn wà lára rẹ̀, kò sì ní ọ̀rọ̀ tó lè fi bo ara. Ibẹ̀ ló ti mọ irú ibi tó fi Jàmíátù sí fún ogójì ìṣẹ́jú, obìnrin tí kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan.

Aago mọ́kànlá lù. Tíṣà na ọwọ́. Ọwọ́ náà dé orí àga tó ṣófo, kò lè kọjá. Obed na tirẹ̀ láti apá kejì, Tíṣà kò gbà á. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, mẹ́wàá kọjá. Ọmọ ọwọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìgbà náà ni Jàmíátù dìde lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, ó la àárín àwọn àlejò kọjá, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó gba ọwọ́ náà. Ìsìn parí.

Tíṣà tẹ̀ lé e dé ìdí ààrò lẹ́yìn ilé. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Jàmíátù tètè dì í mú. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Tíṣà, ẹ fẹ́ pa mí ni?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Mo rí yín lọ́jọ́ náà."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ òjò. Mo ń sá òjò ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ òdìkejì. Mo rí yín bí ẹ ṣe ń di àpò mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Mo kí yín, ẹ ò gbọ́."

"O rí mi? Láti ìgbà yẹn lo ti mọ̀? Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo fẹ́ sọ. Ẹ ní Ọlọ́run ni kí n lọ bá sọ̀rọ̀." Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ sí Iresi. Akọ̀wé ní òun á bi mí níwájú ìjọ. Bó bá bi mí, mi ò lè purọ́. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò yín lẹ́yìn tí mo bá ti tú yín láṣìírí?"

Ọba òkè ń wò ọ́: ẹnu Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ti jáde. Kò wá sí i lọ́kàn pé ẹnì kan wà nísàlẹ̀ tó ń wo òun, tó sì ń bo òun. Tíṣà jókòó sórí àpótí ìdáná.

"Ẹ bá mi bẹ iṣu," ni Jàmíátù wí, ó na ọ̀bẹ sí i. "Ebi ń pa àwọn àlejò."

Ó mú iṣu àkọ́kọ́. Ó bẹ ẹ́ yí po, ó ku ibi tí ìlà dúdú méjì wà. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè fi kàn án. Jàmíátù gba iṣu náà, ó bẹ ibẹ̀ kúrò, ó sì ju iṣu sínú omi.