Àgò Ìmọ̀ ní Ìlú Pẹ́pẹ́yẹ

Ètò wà ní ìlú àwọn pẹ́pẹ́yẹ létí odò Ìṣàn. Ọba ni í kọ́kọ́ ki ẹnu bọ omi láràárọ̀, àwọn ìjòyè a tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àwọn ìyá yóò kó ọmọ wọn sódò. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ ìwẹ̀, tí ó ti ń kọ́ bí a ṣe ń wá ekòló nínú ẹrẹ̀, tí ó sì ti ń kọ́ ìjà díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pe èyí ní ẹ̀kọ́. Ohun tí kò bá ní orúkọ ńlá, ojú ọlọ́lá kì í rí i.

Ní ọjọ́ kan, Ọ̀tún Ọba, ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ dé ibi gbogbo, ya ilé ọmọ aráyé kan. Ó bá Odídẹ́ nínú àgò onírin, ó ń kí àlejò ní èdè ènìyàn geerege. Ọ̀tún kò tilẹ̀ dúró jẹ àgbàdo kí ó tó sáré padà sí ìgbìmọ̀.

"Kábíyèsí, àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo ti rí ohun tí ó sọ Odídẹ́ di ọ̀mọ̀wé. Àgò ni. Ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí a hun àgò fún àwọn ọmọ wa, kí ẹrẹ̀ má ba ìyẹ́ wọn jẹ́ mọ́."

Ó dùn mọ́ ọba. Wọ́n fi ọparun hun àgò ńlá sétí odò, wọ́n kó gbogbo ọmọ sí i. Olùkọ́ a gbé igbá omi kan síta, àwọn ọmọ a máa wò ó láti inú, wọn a sì máa ké pé, "Omi tutù, omi ń ṣàn." Omi igbá náà kò ṣàn rí. Kí oṣù méjì tó pé, wọ́n ti mọ orúkọ ẹja mẹ́rìndínlógún, wọ́n sì ń wúkọ́.

Ẹyin mẹ́jọ ni Àyìnkẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ìyá, sàba lé. Omítóògùn nìkan ni ó yọ nínú wọn. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ náà kò gbé e mọ́, ìyá rẹ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀.

"Kábíyèsí, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sódò. Bí ó bá wà níbẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, n kò ní lọ́mọ mọ́."

"Ìyá Omítóògùn," ni Ọ̀tún wí, "ọmọ rẹ ló gba ipò kìíní nínú ìwẹ̀."

"Ìwẹ̀ wo, bàbá? Ọmọ tí kò lè dìde?"

"Ìwẹ̀ àfẹnusọ. Àbí o fẹ́ kó dà bí ìwọ tí ẹrẹ̀ kì í gbẹ lẹ́sẹ̀ rẹ?"

"Ẹrẹ̀ yìí náà lẹ jẹ dàgbà. Ẹ ránṣẹ́ pe Odídẹ́ tí ẹ wò ṣe àwòkọ́ṣe. Ohun tó bá sọ, mo gbà."

Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n rán ẹyẹ ẹ̀ga níṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ẹni tí ń bọ́ Odídẹ́ gbàgbé ilẹ̀kùn àgò ní ṣíṣí, Odídẹ́ sì fò wá. Ọ̀tún ṣì ń ki oríkì rẹ̀ lọ nígbà tí Odídẹ́ yọjú wo àwọn ọmọ. Ó bi wọ́n pé,

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n ṣẹ̀?"

"Wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ ni, ọ̀mọ̀wé," ni Ọ̀tún dáhùn. "Bíi tiyín."

"Orí igi nínú igbó ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń tẹ́tí sí ohùn. Nínú àgò, 'ẹ káàbọ̀' nìkan ni mo kọ́, mo sì ń sọ ọ́ fún àwọn tí ń jáde lọ."

Àyìnkẹ́ kò dúró de àṣẹ. Ó fẹnu já okùn ilẹ̀kùn, ó ti ọmọ rẹ̀ sódò, àwọn ọmọ yòókù sì tú jáde. Omítóògùn kọ́kọ́ dojú dé, ó mu omi, ó sín. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ tí kò gbé e lórí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wa omi díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí oṣù fi máa lé, ẹrẹ̀ ti ń dé ọrùn rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń bá ọmọ aládùúgbò jà nítorí ekòló. Ìyá rẹ̀ jókòó létí odò, kò bá a wí.

Kábíyèsí kéde pé òun ni ó kọ́kọ́ ronú kan odò. Ọ̀tún gba oyè mìíràn, Aṣíwájú Ẹ̀kọ́ Ìta. Ní ti àgò, wọn kò dà á nù. Inú rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ti ń ṣèpàdé títí di òní, wọ́n ní ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti ń bá àwọn.

Lọ́jọ́ kan, Omítóògùn tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wẹ̀ kọjá níwájú wọn, ó wo àwọn àgbà láàárín ọparun.

"Màámi, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n ṣẹ̀?"

"Rọra sọ̀rọ̀," ni Àyìnkẹ́ wí. "Wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ ni."