Ọ̀rọ̀ Méjìlá Màmá Àgbékẹ́

Ohùn tí Màmá Àgbékẹ́ gbà sílẹ̀, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù Sọ̀fíyàt, kò gùn rárá.

"Sọ̀fíyàt, ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkùnrin tẹ́ ẹ ní kó pè mí yìí mà ní sùúrù. A ti ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta, àmọ́ ojú mi ò gbé e mọ́, ni mo bá ní kó jẹ́ kí n wá gíláàsì mi ná. Bá mi sọ fún un kó má bínú."

Sọ̀fíyàt gbọ́ ọ tán, ó tún un gbọ́. Kò rán ọkùnrin kankan. Inú yàrá kékeré tí òun àti Múyìíwá háyà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe, nítòsí ọjà Odò-Orí ní Ìwó, ló jókòó sí. Ooru mú, ṣùgbọ́n ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan da omi tútù sí i lẹ́yìn ọrùn. Ó wo àkókò tí ohùn náà wọlé. Ó ti tó ìṣẹ́jú mọ́kànlá sẹ́yìn.

Ọdún kan ààbọ̀ ni òun àti Múyìíwá ti wà lórí áàpù yẹn. Àpò owó kírípítò ni, irú èyí tí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ kírípítò rí lè fi gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó wà lókè òkun, kó sì tọ́jú rẹ̀ ní dọ́là. Múyìíwá ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ́nú. Sọ̀fíyàt ló ń ṣe ojú rẹ̀, òun ló ń pinnu ibi tí bọ́tìnnì yóò wà àti ọ̀rọ̀ tí yóò wà lára rẹ̀. Òun ló kó èèyàn mẹ́rìnlélógún jọ láti Ìwó, Ilé-Ogbó àti Olúpọ̀nnà pé kí wọ́n bá àwọn dán an wò, Màmá Àgbékẹ́ ará Olúpọ̀nnà sì wà lára wọn. Òun náà ló ní kí wọ́n fi bọ́tìnnì kan sísàlẹ̀, "Ràn mí lọ́wọ́," tó ń gbé èèyàn lọ sínú gúrúùpù kan tí wọ́n ti lè béèrè ohun tí kò bá yé wọn. Ẹnu ọ̀nà gúrúùpù náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá wù ú lè wọlé, kó sì rí nọ́ńbà gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Sọ̀fíyàt mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti ní òun á tún un ṣe tó bá yá.

Ọ̀rọ̀ méjìlá ni áàpù náà máa ń fún oníkálukú lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ ṣí i, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wẹ́wẹ́ tí kò bára wọn tan. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ méjèèjìlá ló ni owó. Kò sí báńkì téèyàn lè sáré lọ bá, kò sí ọ̀gá tí yóò báni dá a padà.

Ó pe Màmá. Wọ́n ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó tún pè. Bákan náà ni.

"Múyìíwá, ẹnì kan ń bá Màmá Àgbékẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ń gba ọ̀rọ̀ méjìlá lọ́wọ́ wọn."

Múyìíwá ń nu tábìlì sílẹ̀ de olówó méjì tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn lágogo méjì, àwọn tó fẹ́ fowó sí iṣẹ́ wọn. Ó dúró, àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ti àpò wọn pa."

"Kí ni n ó fi tì í? Ṣé àwa la ni kọ́kọ́rọ́ ni?"

Ohun tí wọ́n fi ń yangàn gan-an nìyẹn, pé àwọn pàápàá kò lè fọwọ́ kan owó olówó.

"Mo fẹ́ kìlọ̀ fún gbogbo gúrúùpù," Sọ̀fíyàt wí.

"Dúró ná! Àwọn ará Ìbàdàn wà nínú gúrúùpù yẹn. Jẹ́ ká fi ọgbọ́n..."

Sọ̀fíyàt ti gbé fóònù sẹ́nu. "Ẹ̀yin èèyàn wa, a ò rán ẹnikẹ́ni pé kó pè yín o. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ka ọ̀rọ̀ méjìlá yín fún òun, olè ni. Ẹ pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu." Ó fi í ránṣẹ́, ó fa ìbòrí rẹ̀ lórí àga, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Múyìíwá ń pariwo orúkọ rẹ̀ láti òkè. Kò wẹ̀yìn.

"Olúpọ̀nnà," ó sọ fún ọlọ́kadà àkọ́kọ́ tó rí. "Ẹ bá mi sáré."

"Òjò àná ti ba ọ̀nà jẹ́ o, àǹtí."

"Ẹ máa lọ, ẹ jọ̀ọ́."

Ọwọ́ kan ló fi di ẹ̀yìn ọ̀kadà mú, ó ń fi èkejì pe Màmá. Ìgbà méje ló pè kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ pátápátá. Ọkàn rẹ̀ ń ṣírò: ojú Màmá ti ṣú, lẹ́tà kan máa ń di méjì lójú wọn, wọn kò lè yára kà á. Torí ojú yẹn náà sì ni owó ọ̀hún ṣe wà. Ayọ̀nitèmi ọmọ wọn, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Kánádà, ló ń fi í ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti bí oṣù mẹ́jọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún Màmá n'Íbàdàn. Nígbà tí Màmá kọ́kọ́ béèrè pé ṣé áàpù náà kò léwu, Sọ̀fíyàt ń jẹ àgbàdo sísè lọ́wọ́ níwájú ilé wọn. Àgbàdo wà lẹ́nu rẹ̀ tó fi dáhùn pé, "Kò léwu rárá, Màmá."

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ ìlú, táyà ẹ̀yìn rì sínú ẹrẹ̀. Kò dúró kí ọlọ́kadà yọ ọ́. Ó fi owó lé e lọ́wọ́, ó ká aṣọ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá.

Màmá Àgbékẹ́ jókòó lórí àpótí lẹ́bàá kòkó tí wọ́n sá sórí sìmẹ́ńtì, gíláàsì wà lójú wọn, ìwé pélébé kan wà lórí ẹsẹ̀. Fóònù wọn dùbúlẹ̀ sórí ìjókòó kan níwájú, ohùn sì ń ti inú rẹ̀ jáde ketekete.

"'V'," Màmá ń kà á, ìka wọn ń tẹ̀ lé e lórí ìwé. "Lẹ́yìn náà 'e'. Lẹ́yìn náà 'r'. Ó parí síbẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Màmá wa," ohùn ọ̀dọ́kùnrin kan dáhùn jẹ́jẹ́. "Ìyẹn di mọ́kànlá. Ẹyọ kan ló kù."

Sọ̀fíyàt kò kí wọn, kò kúnlẹ̀. Ó já fóònù náà gbà, ó sì pa á.

Màmá wò ó bí ẹni tí ọmọ ọwọ́ gbá létí. "Sọ̀fíyàt! Èmi lo dìde sí?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Olè ni. Mi ò rán an."

"Olè báwo? Ó mọ orúkọ rẹ. Ó mọ orúkọ áàpù yín. Ó ní ẹ̀ ń tún àpò mi ṣe kí owó má bàa há síbẹ̀."

Sọ̀fíyàt kò ráyè àlàyé. Ẹni tó bá ti ní ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ti ní gbogbo rẹ̀ tán, torí inú nǹkan bí ẹgbàá ọ̀rọ̀ péré ni wọ́n ti ń ṣà wọ́n, kọ̀ǹpútà sì lè dán gbogbo wọn wò fún ìkejìlá kí èèyàn tó mu ife omi kan tán. "Màmá, ẹ tẹ nọ́ńbà àṣírí yín síbí. Ẹ jẹ́ kí n sáré kó owó yẹn sórí fóònù tèmi. Tó bá yá..."

"Gbé fóònù mi wá."

Ó gbé e fún wọn. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì dì í mọ́ àyà, wọ́n sún sẹ́yìn. "Ọkùnrin yẹn ti sọ fún mi. Ó ní ẹnì kan lè sáré wá, tí á máa pe òun lólè, tí á sì ní kí n kó owó mi fún òun."

Sọ̀fíyàt wo ara rẹ̀: ẹrẹ̀ dé orúnkún, ìbòrí ti yẹ̀, ó já nǹkan gbà lọ́wọ́ àgbà, ohun tó sì kọ́kọ́ béèrè ni owó. Bó bá jẹ́ òun ni Màmá, ọkùnrin yẹn ni òun náà ì bá gbà gbọ́.

Fóònù dún lọ́wọ́ Màmá. Nọ́ńbà ọkùnrin náà ni. Àwọn méjèèjì ń wò ó. Àtàǹpàkò Màmá ti wà lórí ibi aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń gbé ìpè.

Ìgbà yẹn ni Sọ̀fíyàt tó kúnlẹ̀. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Màmá, mo ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ má fún mi ní nǹkan kan. Ẹ má sì fún òun náà. Ẹ dá gbogbo owó náà padà sọ́dọ̀ Ayọ̀nitèmi. Àwòrán rẹ̀ wà nínú áàpù, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Mi ò ní fọwọ́ kàn án."

Fóònù dún, dún, ó dákẹ́.

"Sọ́dọ̀ ọmọ mi?"

"Sọ́dọ̀ ọmọ yín. Bó bá jẹ́ pé irọ́ ni mo pa, ṣebí ọwọ́ ọmọ yín náà ló ṣì wà."

Màmá rò ó wò. Wọ́n jókòó, wọ́n sì ṣí áàpù.

Wọ́n tẹ àwòrán ọmọ wọn. Ojú ewé kan jáde: *Rọra ná. Ṣé o mọ ẹni tí o fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí?* Nọ́ńbà ń ka ara rẹ̀ padà láti ogún wá sísàlẹ̀ kí bọ́tìnnì tó hàn. Sọ̀fíyàt ló dá ewé yẹn sílẹ̀. Ó bá Múyìíwá jà lé e lórí, pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò gbọ́dọ̀ kánjú. Ó wo mẹ́rìndínlógún, ó wo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tó ku mẹ́rin, fóònù tún dún, àwòrán ìpè bo gbogbo ojú rẹ̀. Màmá gbọ̀n, wọ́n tẹ ibi tí kò yẹ. Nígbà tí ìpè fi máa lọ, áàpù ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Yà Allāhu," Sọ̀fíyàt wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Má pariwo mọ́ mi."

"Mi ò pariwo, Màmá. Ẹ tún tẹ àwòrán rẹ̀."

Ogún. Mọ́kàndínlógún. Ó fẹ́ fi ìka rẹ̀ ti nọ́ńbà náà lọ sísàlẹ̀, àmọ́ ó ti ṣèlérí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn. Bọ́tìnnì hàn. Ewé kejì: *Ṣé ó dá ọ lójú?* Ogún mìíràn. Ìpè tún wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, Màmá tẹ ibi pupa kíá, wọ́n sì rántí ibi tí wọ́n dé. Wọ́n tẹ nọ́ńbà àṣírí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òbìrí kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Ó ń yí," Màmá wí.

"Ẹ jẹ́ kó máa yí."

Ó yí títí. Lẹ́yìn náà, iye tó wà lókè di òfo, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì kú kí ewé tó kàn tó ṣí.

"Ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, Màmá."

"Ọ̀dọ̀ ta ni?"

Sọ̀fíyàt kò mọ̀. Ó lè jẹ́ Ayọ̀nitèmi, ó sì lè jẹ́ pé olè ló ti kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Nínú gbogbo ojú ewé tó ti yà láti ọdún kan ààbọ̀, kò sí èyí tó dáhùn ìbéèrè yẹn.

Wọ́n gun òkè lọ sí pápá ilé ìwé, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń wà. Wọ́n pe Ayọ̀nitèmi, kò gbé e. Ó ní láti jẹ́ pé ó ń wakọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n jókòó lórí ìgànná tó ti wó, fóònù wà láàárín wọn. Ojú ọ̀run ṣú lápá ilé Màmá, kòkó wà níta, àmọ́ kò sí ẹni tó dìde nínú àwọn méjèèjì. Ó ju ìdajì wákàtí lọ kí fóònù tó dún.

"Mọ́mì," ohùn Ayọ̀nitèmi wí, "kí ló dé tẹ́ ẹ dá gbogbo owó padà? Ṣé kò sí o?"

Màmá gbé fóònù lé àyà, wọ́n sì dijú. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

Agogo mẹ́rin ti lù kí Sọ̀fíyàt tó padà dé Ìwó. Àwọn ará Ìbàdàn ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ ìkìlọ̀ rẹ̀ nínú gúrúùpù. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn láìfi ọ̀kan pamọ́, títí kan ẹnu ọ̀nà tó mọ̀ pé ó ṣí sílẹ̀. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n lọ láìsọ̀rọ̀ owó mọ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni Múyìíwá kò fi bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohun tó ní ni pé òun ti yọ bọ́tìnnì "Ràn mí lọ́wọ́" yẹn kúrò.

Olè náà ti pe èèyàn mẹ́jọ mìíràn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Méje kò gbà. Adédìpẹ̀, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì n'Ílé-Ogbó, ti ka méjèèjìlá tán kí ìkìlọ̀ tó dé, owó rẹ̀ sì ti lọ. Sọ̀fíyàt lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Bàbá náà gbọ́ ọ tán, ó ní, "O ṣeun tó o wá," ó sì ti ilẹ̀kùn.

Owó Màmá gba báńkì wọlé, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ ojú kan fún wọn. Wọ́n ní àwọn ò ní fi kọ́bọ̀ sínú áàpù yẹn mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù kan, nígbà tí Sọ̀fíyàt gbé fóònù rẹ̀ wá pẹ̀lú àpò inú áàpù tí kò sí owó kankan nínú rẹ̀, tó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun ka ewé tuntun, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n kà á sókè: "Má ṣe fi ọ̀rọ̀ ìgbàpadà rẹ han ẹnikẹ́ni."

Wọ́n wò ó. "Kí ló ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbàpadà?"

"Ọ̀rọ̀ méjìlá yẹn ni, Màmá."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń pè é nílé yín ni? Kò yé mi. Pa á rẹ́, kó o tún un kọ."

Sọ̀fíyàt gba fóònù, ó pa á rẹ́, ó sì dúró kí Màmá sọ bí àwọn fúnra wọn ì bá ṣe sọ ọ́.