Pátánì Àpò

Àǹtí Yẹ́misí kì í lè jókòó láìrí nǹkan kà. Olùkọ́ èdè Faransé ni, Ìbà Ẹ́sítéètì ló ń gbé. Lọ́jọ́ tó wá wọn aṣọ kọ́áyà rẹ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù Ọlábísí l'Ókokomaiko, bí aránṣọ náà ṣe ń tún etí aṣọ ṣe ni ojú Àǹtí lọ sára ògiri, níbi tí pátánì ọwọ́ sùtánà gbé kọ́ sórí ìṣó. Ó dìde, ó sún mọ́ ọn.

"Ìyá Àánú, ìwé owó oṣù ta lẹ lẹ̀ pọ̀ ṣe pátánì yìí?"

Ọlábísí rẹ́rìn-ín. "Ti bàbá Àánú ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ṣe wẹ́dà ní Kútọnu. Ìwé yẹn nípọn, Àǹtí. Ó sàn ju bébà sìmẹ́ńtì lọ."

"Ẹ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀?"

"Owó orí ni. Wọ́n ní oṣooṣù ni wọ́n ń gé àwọn bí ẹni gé irun."

Àǹtí fi ìka tẹ ìlà méjì. "Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gé e. Ti òkè yìí lowó orí, ìyẹn ti lọ. Ti ìsàlẹ̀ yìí, owó ìfẹ̀yìntì ni. Wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ dè wọ́n ni. Ṣé wọ́n ti lọ béèrè ẹ̀?"

Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ Ọlábísí. Ojú ọkọ rẹ̀ ló wá sí i lọ́kàn. Àyàndélé ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, iná wẹ́dà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ojú rẹ̀ tán. Dókítà ti ní bí kò bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún yìí, kò ní ríran mọ́. Síbẹ̀, àràárọ̀ ló ń lọ ṣe wẹ́dà ní Ajangbadi, torí owó ìránṣọ nìkan kò lè bọ́ wọn títí ọjọ́ alẹ́.

"Nọ́ńbà bàbá Àánú ni wọ́n máa béèrè ní ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì," Àǹtí wí. "Òkè ìwé ló máa ń wà." Ó wo òkè ìwé kan, ó wo òmíràn. "Òkè wọn dà?"

Ọlábísí wo sísọ́ọ̀sì tó wà nílẹ̀. Òǹtẹ̀ pupa kan ló wà lókè gbogbo ìwé náà. Sùtánà funfun ló sì ń rán jù, òǹtẹ̀ náà ì bá ràn mọ́ aṣọ Ọlọ́run. Ó ti gé gbogbo òkè náà kúrò, ó sì ti fi wọ́n dáná.

Nígbà tí Àyàndélé dé, Ọlábísí ro gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìkúnlẹ̀.

"Orí ló yọ mí," Àyàndélé wí, "tí mi ò sùn sórí tábìlì ẹ rí. Ò bá ti gé orí mi náà."

"Ẹ má bínú, bàbá Àánú."

"Èmi ni mo sọ pé owó orí ni gbogbo ẹ̀. Dìde." Ó nu ojú rẹ̀ tó ń ṣomi. "Bí mo bá tiẹ̀ rí i gbà, ṣé àwọn agbowó orí ibí ò ní tún gé e?"

"Àǹtí ní ká lọ béèrè ní ọ́fíìsì owó orí kí owó tó wọlé. Wọ́n ní ká má fi pamọ́."

"Nọ́ńbà wo la fẹ́ fi gbà á ná?"

Ọlábísí já gbogbo pátánì tó wà lára ògiri: ọwọ́, ẹ̀yìn, ọrùn. Kò sí èyí tó lórí.

Ó di ọjọ́ kẹta, ó ń gé ẹ̀wù àǹkárá fún oníbàárà kan. Ó na ọwọ́ sínú dúrọ́ọ̀, ó mú pátánì àpò, ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ni ọwọ́ rẹ̀ bá dúró. Ìwé owó oṣù kan ṣoṣo ni pátánì náà. Igun ìsàlẹ̀ méjèèjì nìkan ló gé róbótó. Àǹkárá ló ń fi gé, kò sì sí ohun tí òǹtẹ̀ pupa fẹ́ ṣe àǹkárá. Òkè rẹ̀ pé. Nọ́ńbà wà lábẹ́ òǹtẹ̀ náà, gbangba.

Ó sáré jáde láìwọ bàtà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì wọ Kútọnu pẹ̀lú lẹ́tà tí Àǹtí bá wọn kọ lédè Faransé. Obìnrin Ẹ̀gùn kan ló jókòó ní ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì, ó sì gbọ́ Yorùbá. Ó yí ìwé náà síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Bàbá, kí ló jẹ ìsàlẹ̀ ìwé yín?"

"Ìyàwó mi ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ nọ́ńbà náà sínú kọ̀ǹpútà. Ọlábísí di etí tábìlì mú.

"Àyàndélé, wẹ́dà. Ọdún mọ́kàndínlógún. Ó wà níbí. Ẹ kún fọ́ọ̀mù yìí. Ó lè tó oṣù mẹ́rin kí ẹ tó gbọ́ nǹkan."

Àyàndélé ní kí obìnrin náà mú ìwé náà sọ́wọ́.

"Rárá o," Ọlábísí wí, "pátánì mi ni. Ẹ bá wa ṣe fọ́tókọ́pì."

Nígbà tí wọ́n kọjá ẹnubodè Sèmè lọ́nà ilé, Àyàndélé dijú, ó fi orí ti fèrèsé ọkọ̀.

"Mi ò ní lọ Ajangbadi lọ́la."

"Kò sẹ́ni tó bi yín. Oṣù mẹ́rin, ẹ̀rọ mi á gbé e."

"Rán ẹ̀wù kan fún mi. Kí àpò ẹ̀ gba awò ojú."

Ọlábísí tọwọ́ bọ báàgì, ó fọwọ́ kan pátánì náà. Yóò gbà á.