Iná Tí Fúnlọ́lá Fọn Lọ sí Ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n

Ìyá Fúnlọ́lá kò kórìíra Àjàgbé. Ibi tí Àjàgbé kọ́lé sí ló kórìíra. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wọn kòkó ní Lágere láàárín ìlú, tí eyín rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, tó ní kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, kí ló gbé e dé inú igbó lọ́nà Ẹdúnàbọ̀n?

"Kò jìnnà, Màmá," ni Fúnlọ́lá wí. "Bó bá gun kẹ̀kẹ́ kúrò níbi iṣẹ́, kí n tó ro ọkà tán, ó ti délé."

"Ìwọ ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ ni ẹsẹ̀ tìrẹ? N kò bímọ fún oko."

Ìyá fọn iná sínú àpáàdì, ó da eérú bò ó fẹ́ẹ́rẹ́. "Ibi tí iná tá a fọn lọ́dọ̀ ìyá ẹni bá dé láìkú, ìlú ni. Ibi tó bá kú sí, oko ni. Bí ìyá mi ṣe ṣe fún mi nìyẹn kí n tó fẹ́ bàbá rẹ. Gbé e lọ. Bó bá dé ọ̀dọ̀ Àjàgbé láàyè, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tọrọ rẹ."

"Ìṣáná ti wà báyìí, Màmá."

"Ìṣáná kì í kí ènìyàn kú àárọ̀."

Fúnlọ́lá gbéra, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àpáàdì mú, àfi bí ẹni pé ẹ̀mí Àjàgbé gan-an ló wà nínú rẹ̀. Bó bá yára, atẹ́gùn á mú kí iná náà jẹ ara rẹ̀. Bó bá rọra, eérú á bò ó mọ́lẹ̀. Kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Ó kọjá agbo ilé tó kẹ́yìn, ó tú eérú wò, iná ti kú. Omijé bọ́. Ó gbójú sókè kó rí oko náà, ilé onípáànù ló rí, aṣọ ń gbẹ lórí okùn, obìnrin kan sì ń ṣa ẹ̀wà.

"Arẹwà, ta ló ṣẹ̀ ọ́?"

Ràbíátù lorúkọ rẹ̀, ìyàwó awakọ̀ tó ń ná Ìbàdàn. Fúnlọ́lá ro ọ̀rọ̀ iná àti ti oko fún un, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi ní ibi tí mọ́tò bá ti lè yà, ilé ni. Télọ̀ kan tún ń kọ́ ilé tirẹ̀ lẹ́yìn wa. Ìwọ wá fọn iná, jàre."

Iná Ràbíátù kò kú títí dé ilẹ̀kùn Àjàgbé. Àjàgbé kò tíì tibi iṣẹ́ dé. Fúnlọ́lá dúró, ó ń wo àpáàdì. Iná dé láàyè, ṣùgbọ́n iná ta ni? Ṣé ó ti rí ọkọ fẹ́ ni, àbí ó ti pàdánù rẹ̀? Ó padà sílé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́.

"Níbo lo ti rí ilé? Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣẹ́gi."

"Ilé ti wà níbẹ̀, Màmá. Òmíràn tún ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀."

Ìyá jókòó. Ó kọjú sí ọ̀nà bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù. "Oko wá dà?"

Fúnlọ́lá jókòó tì í.

"Obìnrin yẹn, ó bi ọ́ léèrè ọmọ ẹni tí o jẹ́?"

"Ó bi mí. Ó ní kí n kí yín."

"Ibi tí wọ́n ti ń kí ènìyàn, kì í ṣe oko. Ó dáa. Kí àwọn ènìyàn Àjàgbé wá. Ṣùgbọ́n kó má tún sún síwájú mọ́ o."

Fúnlọ́lá kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àjàgbé ti ń sọ ọ́ láti àná pé òun fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ òun ra alùpùpù, pé ibi tó jìnnà jù yìí lọ á wá di tòsí. Fúnlọ́lá kò mọ̀ bóyá kí òun sọ ọ́ fún ìyá òun ni, àbí kí òun kọ́kọ́ ṣègbéyàwó.