Vukota Tó Ń Ka Awọ Ara Ènìyàn

"Ẹ bọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wù yín sí ìhòòhò, kí ẹ gbé e síwájú mi," ni Vukota wí, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àyà tó kún fún irun funfun. "Kó má sọ̀rọ̀. Kó má wúkọ́ pàápàá. Màá sọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún un, màá sì tún sọ bóyá ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Oòrùn ló ń kọ gbogbo rẹ̀ sí wọn lára, èmi ni mo sì mọ̀ ọ́n kà!"

Irọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ní Kljun, ahọ́n iyanrìn tó yọ síta níbi tí odò Bojana ti ń tú sínú òkun, kò sẹ́ni tó ń wọṣọ. Bí èèyàn bá ti kọjá òpó pupa tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣòkòtò parí, kọ́mú parí, ohun tó kù fún un kò ju táwẹ́ẹ̀lì tó máa jókòó lé lọ. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni Vukota ti ń wo ibi tí oòrùn ti kan àwọn èèyàn lára àti ibi tí kò kàn. Apá òsì pọ́n ju apá ọ̀tún lọ? Awakọ̀ ni. Ọrùn pupa, ẹ̀yìn funfun? Apẹja ni. Àmì sálúbàtà lẹ́sẹ̀? Olùkọ́ ni, kò sí àní-àní.

"Ọkùnrin ọdún tó kọjá ńkọ́?" ni Stanija ìyàwó rẹ̀ bi í, kò tiẹ̀ gbójú sókè nídìí ìkòkò. "Èyí tó o ní dókítà ni. O gbé orúnkún ẹ fún un, ó ń tẹ̀ ẹ́ títí oúnjẹ fi tutù. Ẹran ló ń tà lọ́jà Ulcinj."

"Ṣé kò mọ egungun ni?" ni Vukota dá a lóhùn.

Gbogbo ẹni tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọjọ́ náà kò wọnú. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, Ramiz ọlọ́kọ̀ ojú omi ti mú ìròyìn wá pé ẹnìkan tó ń jẹ́ Drecun ti gba àyè sínú ọkọ̀ òwúrọ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ orúkọ yẹn. Drecun ni ọ̀gá ìjọba tó wà ní Podgorica, olú ìlú, tí ọ̀rọ̀ Kljun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ fi wáyà yí iyanrìn náà ká, kí wọ́n kọ́ ilé ìtura alájà mẹ́fà sí i, kí wọ́n sì máa fi agbòòrùn háyà fún àwọn tó wọ ṣòkòtò. Bí Drecun bá ti lè ní "bẹ́ẹ̀ ni", ó parí.

Kljun ni Vukota ti pàdé Stanija nígbà tí kò sí kọ́bọ̀ lápò àwọn méjèèjì, nítorí kò sí àpò. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin wọn ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Vukota kò lè fojú inú wo ara rẹ̀ lẹ́yìn wáyà, tó ń yọjú wo òkun bí ẹni tí ilé jó mọ́ lọ́wọ́. Torí náà ló ṣe pète: a ó dá Drecun mọ̀, a ó bọ́ ọ yó, a ó fún un lọ́tí, lẹ́yìn náà èmi Vukota á sọ̀rọ̀ kan tí yóò mú un sunkún.

Ọkọ̀ gúnlẹ̀. Láàárín àwọn ojúlùmọ̀, àlejò méjì péré ló sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n sì bọ́ṣọ nídìí òpó. Ramiz fa Vukota sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, Drecun yẹn, òun ni..."

"Pa ẹnu mọ́!"

"Mo kàn fẹ́ sọ fún yín pé..."

"Má bà á jẹ́ fún mi, Ramiz! Ṣé ojú mi fọ́ ni?"

Ramiz gbé èjìká sókè, ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì tan ẹ́ńjìnnì.

Vukota wo àlejò àkọ́kọ́. Ọkùnrin ni, ó funfun bí ìyẹ̀fun, àfi ojú àti ọwọ́. Ìlà kan yí i lọ́rùn po, ó mọ́ bí ìgbà tí wọ́n fi rúlà fà á. Àmì aago wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

"Kọ́là ẹ̀wù!" ni Vukota sọ sí Stanija létí. "Aago! Ta ló ń wọ kọ́là nínú oòrùn oṣù keje? Ìjọba nìkan ni!"

Àlejò kejì jẹ́ obìnrin tó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Láti iwájú orí dé gìgísẹ̀, ara rẹ̀ pọ́n dọ́gba bí àkàrà tó jinná dáadáa, kò sí ìlà, kò sí àmì.

"Ìyẹn tiwa ni," ni Vukota ní. "Ẹni tí oòrùn bá ṣe báyìí lára, kò ṣiṣẹ́ rí láyé rẹ̀. Ẹ fún un lọ́bẹ, kó máa gé àlùbọ́sà."

Báyìí ni obìnrin náà ṣe jókòó ti apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà, tí ọkùnrin funfun sì jókòó lórí àga kan ṣoṣo tó wà ní Kljun, lábẹ́ òjìji kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀.

"Èmi?" ni ọkùnrin náà bi wọ́n nígbà tí wọ́n tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì tó mọ́ sórí àga fún un. Ó bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. "Ṣé kí èmi jókòó?"

"Ta tún ni, ọ̀gá? Ẹ jókòó, ẹ jẹun!"

Ó jókòó, ó jẹun. Abọ́ ọbẹ̀ ẹja àkọ́kọ́, ó dúpẹ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Abọ́ kejì, ó na ẹsẹ̀. Nígbà tó di abọ́ kẹta pẹ̀lú ife ọtí rakija mélòó kan, ó ṣẹ́ ìka sí Stanija, ó ní, "Ìyá, iyọ̀ kò tó." Stanija tó ti da ọbẹ̀ lé èèyàn lórí rí nítorí ọ̀rọ̀ tí kò tó èyí, ló sáré lọ gbé iyọ̀ wá.

Vukota ń lọ, ó ń bọ̀. Ó dúró ti obìnrin alálùbọ́sà.

"Arábìnrin, ẹ gé e kó kéré sí i. Ìwọ̀nyí tóbi bí orí òṣìṣẹ́ ìjọba."

"Ṣé orí wọn tóbi ni?"

"Ó tóbi, ó sì ṣófo! Drecun yìí fúnra rẹ̀," ó rẹ ohùn sílẹ̀, "inú ọ́fíìsì ló hù sí bí olú. Mo lè búra pé kò tíì kan omi òkun rí."

"Bí olú," ni obìnrin náà wí, ó ń bá àlùbọ́sà rẹ̀ lọ.

Àkókò tó. Vukota gun orí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó dúró gbọn-in bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá a, ó na ọwọ́ sí òkun.

"Ọ̀gá wa! Ẹ wò wá! Ṣé ẹ rí olówó níbí? Ṣé ẹ rí tálákà? Ní Kljun, kò sẹ́ni tó lè fojú wo ara ẹnìkejì kó mọ ohun tó jẹ́!"

"Àárọ̀ yìí lo ní ìwọ lè mọ̀ ọ́n," ni Stanija sọ láti ìdí ìkòkò.

"Ẹ má dá a lóhùn! Ọ̀gá, ìyàwó mi nìyẹn, ibí yìí ni mo ti rí i, n kò sì lè sọ pé aṣọ ló tàn mí jẹ! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ́ ilé ìtura síbí, ẹ fi wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀!"

Omijé ń ṣàn lójú ọkùnrin funfun. Ó fò dìde, ó gbé ife sókè, ó ké pé, "Níwọ̀n ìgbà tí èmi bá wà láàyè, ilé ìtura kankan kò ní dúró síbí!"

Háà! Kljun gbọ̀n. Wọ́n ń lu ìkòkò, wọ́n ń dì mọ́ra, Vukota fò láti orí ọkọ̀ sínú iyanrìn bí ọmọ ọdún méje. Nínú ariwo yẹn, ọkùnrin funfun nu ojú, ó wo ilẹ̀ tó kún fún abọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn. Ọ̀kan sórí àtẹ́lẹwọ́, ọ̀kan sórí ọrùn ọwọ́, òmíràn sí ìgúnpá, síbí wà lórí wọn, ọ̀kan kò sì dún.

Ariwo rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ọ̀gá," ni Vukota bi í jẹ́jẹ́, "ọ́fíìsì wo lẹ ti ń ṣiṣẹ́?"

"Ọ́fíìsì kẹ̀? Èmi Blažo ni. Oúnjẹ ni mo ń gbé fún àlejò níbi ìgbéyàwó. Láti ọdún tí mo ti ń ṣe é, òní lẹnìkan kọ́kọ́ gbé tèmi fún mi." Ó tẹrí ba pẹ̀lú àwọn abọ́ lọ́wọ́. "Ẹ ṣeun gan-an ni o."

Obìnrin alálùbọ́sà nu ọ̀bẹ mọ́ táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

"Èmi ni Drecun," ó ní. "Olú yẹn."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀, Vukota rí i pé ìhòòhò ni òun wà. Ó wá nǹkan tó máa fi bo ara, ohun tó sún mọ́ ọn jù sì ni ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀. Iná ṣì wà lábẹ́ ìkòkò náà. Igbe tó ké, àwọn ẹyẹ inú koríko etí odò fò lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Stanija bẹ Drecun, "ẹ má wo tirẹ̀. Ẹ fìyà jẹ òun nìkan, ẹ fi iyanrìn sílẹ̀ fún wa."

"Wọn kò ní kọ́ ilé ìtura kankan síbí," ni Drecun wí. "Kò sí wáyà. Kljun wà fún ẹni tó bá fẹ́ bọ́ṣọ."

Gbogbo wọn ké lẹ́ẹ̀kan náà, àgbà, ọ̀dọ́, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́, oníkùn, wọ́n sáré wọ ibi tí odò ti pàdé òkun, níbi tí omi ti tutù lẹ́sẹ̀, tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní àyà. Vukota ló ṣáájú, ó ti sọ ọmọrí nù, ó ń jó nínú omi pẹ̀lú ikùn rẹ̀ tó jóná. Wọ́n gbé Blažo lé èjìká pẹ̀lú gbogbo abọ́ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹyọ kan bọ́.

"Ọbẹ̀ mi ló ṣe é!" ni Stanija ń pariwo.

"Ìbúra mi ni!" ni Blažo ń ké lókè.

"Òótọ́ ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un ni!" ni Vukota bú ramúramù. "Mo bú u níṣojú rẹ̀! Àwọn ìjọba fẹ́ràn ẹni tí kì í tàn wọ́n!"

Gbogbo wọn yíjú sí Drecun kó wá dájọ́. Ó ti jókòó sórí àga kan ṣoṣo yẹn, ó fi abọ́ ọbẹ̀ lé itan.

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n má kọ́ ọ," ó ní. "Ìsinmi ni mo wá lò."