Yàrá Méjìlélọ́gbọ̀n tí Tírọ́mpẹ́ẹ̀tì Ò Gbọdọ̀ Wọ̀

Ẹni tó bá mọ Naomi dáadáa kì í bá a jiyàn lórí ohun tó bá ti fọkàn sí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi gbẹ̀bí ní Kàbbà àti àwọn abúlé tó yí i ká, ó sì ti lé àwọn ọkọ oníjà, àwọn ìyá ọkọ aláriwo àti dókítà kan báyìí jáde ní yàrá ìgbẹ̀bí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní ẹni ọgọ́ta ọdún, gbogbo èèyàn rò pé yóò máa sin adìẹ ni, tàbí kó lọ máa pọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ní Àbújá, lọ́dọ̀ Délé àkọ́bí rẹ̀. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó ra ìwé orin onílà márùn-ún àti pẹ́ńsù méjìlá, ó ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orin fún ọ̀kẹ́sítírà.

Délé rẹ́rìn-ín lórí fóònù títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní ṣé Màmá mọ̀ pé àtikékeré làwọn tó ń ṣe irú ẹ̀ ti ń kọ́ ọ. Naomi ní kó rẹ́rìn-ín ẹ̀ tán, kó wá fi dátà ránṣẹ́ sí òun.

Orin kan ṣoṣo ló fa gbogbo wàhálà yìí. Ahunṣọ ni ìyá rẹ̀, ará Òkè-Bùkún. Nídìí òfì tó dúró ṣánṣán lára ògiri ni ìyá náà ti máa ń kọ orin kan jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́. Nígbà tí ìyá kú, Naomi kọ́ kúáyà ìjọ ní orin náà kí wọ́n lè fi sin ín. Wọ́n kó tírọ́mpẹ́ẹ̀tì bò ó, wọ́n fọn ọ́n débi pé bí òkú bá jí, kò ní mọ̀ pé orin òun ni. Lẹ́bàá sàréè lọ́jọ́ yẹn, ìbínú Naomi ju ẹkún rẹ̀ lọ. Ó pinnu pé òun á kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra òun, bí ìyá òun ṣe kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lè bà á jẹ́ mọ́.

Ọdún méjì ló fi wo fídíò, tó ń kọ, tó ń pa á rẹ́. Ó mọ dò-rè-mí láti kékeré nínú kúáyà, ṣùgbọ́n ìlà márùn-ún yẹn fojú rẹ̀ rí màbo. Àwọn ìlà òòró tó gé ìlà márùn-ún náà sí wẹ́wẹ́, ó ní yàrá ni òun á máa pe àárín wọn, torí orúkọ òyìnbó rẹ̀ kì í dúró lórí òun.

Nígbà tó gbé orin náà lọ fún ọ̀kẹ́sítírà ìjọ wọn, ojú tì í. Dò ni dò lójú ẹni tó kọ́ orin nínú kúáyà, nítorí náà ó fún gbogbo ohun èlò ní dò kan náà. Kò mọ̀ pé dò tí tírọ́mpẹ́ẹ̀tì bá rí nínú ìwé, ohùn tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ á rẹlẹ̀ ju ti dùrù lọ, àti pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti kilarinẹ́ẹ̀tì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó sì dà bíi pé ewúrẹ́ mẹ́wàá ń jà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Olúbọ̀dé, ọ̀gá kúáyà, tó gbàwé ẹ̀rí nílé ẹ̀kọ́ orin, ní kí Màmá fi í sílẹ̀ fún òun, òun á tún un kọ, orúkọ àwọn méjèèjì á sì wà lórí ẹ̀.

Naomi kó ìwé rẹ̀ jọ. Ó ní orúkọ ẹnì kan ló máa wà lórí ẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì ló ti ń lọ sílé àwọn tó ń lo ohun èlò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lọ bá Virtue, tíṣà tó ń fọn kilarinẹ́ẹ̀tì, ní ìlú Ìyàrá. Ó lọ bá Andrew, olórí àwọn onítírọ́mpẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, nínú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rẹ̀. Andrew kí i pé okun o, Màmá Délé, ó fẹ́ wá àga fún un. Naomi ní kó gbàgbé àga, kó fọn dò rẹ̀ kí òun gbọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, orin dún. Àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí ń wo ara wọn. Àfi ìgbà tí wọ́n dé àárín, níbi tí orin ìyá ti bẹ̀rẹ̀: fáyólìn méjì àti kilarinẹ́ẹ̀tì Virtue nìkan. Yàrá méjìlélọ́gbọ̀n ni tírọ́mpẹ́ẹ̀tì ní láti dákẹ́.

Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Nínú ìjọ yẹn, ẹni tó bá gbé ohun èlò dé, ó gbọ́dọ̀ lò ó títí orin á fi tán. Ẹni tó bá jókòó láìfọn nígbà tí àwọn yòókù ń ṣe é, gbogbo ìjọ mọ̀ pé wọ́n ti fi í sábẹ́ ìbáwí, wọ́n á sì máa wádìí ohun tó ṣe.

Andrew gbé tírọ́mpẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kalẹ̀. “Màmá Délé, kí la ṣe?”

Naomi ní wọn ò ṣe nǹkan kan, òun kàn ní kí wọ́n dákẹ́ ni. Andrew ní ìyàwó òun àtàwọn àna òun ń bọ̀ níbi ìkórè ìjọ tí wọ́n ti máa ṣe orin náà, bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀, kí ni òun fẹ́ sọ fún wọn. Olúbọ̀dé bẹ̀bẹ̀ pé kí Màmá fún wọn ní díẹ̀, ìba ohùn méjì mẹ́ta. Naomi ní bí ẹnikẹ́ni bá fọn ohunkóhun sí i, kí wọ́n má ṣe orin òun mọ́ rárá. Olúbọ̀dé ní ó ti yé òun.

Irọ́ ló pa. Lọ́jọ́ ìkórè, òun ló dúró níwájú tó ń darí, Naomi sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì kẹta. Orin lọ dáadáa títí dé àárín. Fáyólìn gbé orin ìyá, kilarinẹ́ẹ̀tì dáhùn, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ní yàrá karùn-ún, Olúbọ̀dé na ọwọ́ òsì sí àwọn tírọ́mpẹ́ẹ̀tì, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bẹ́ sínú orin náà gìrì. Ó hàn pé wọ́n ti kọ́ ọ ní kọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ju áńkáṣíìfù. Ó dùn mọ́ wọn, ìyẹn ló sì burú jù. Lójú Naomi, wọ́n tún ń sin ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ó dìde. Ó rìn dé iwájú, ó gbá igi ìdarí mú lọ́wọ́ Olúbọ̀dé. Ohun èlò dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Sọ̀kalẹ̀, ọmọ mi.”

Olúbọ̀dé rọra ní, “Màmá, bíṣọ́ọ̀bù wà níbí.”

“Mo rí i. Òun náà á gbọ́ ọ bí mo ṣe kọ ọ́.”

Alága ìgbìmọ̀ ìkórè ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Àwọn onítírọ́mpẹ́ẹ̀tì ló kọjú sí.

“Ẹ ò sí lábẹ́ ìbáwí o. Mo kọ ìdákẹ́ yín bí mo ṣe kọ fífọn yín, mi ò sì ní yọ ẹyọ kan kúrò níbẹ̀. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ gbé tírọ́mpẹ́ẹ̀tì lé itan.”

Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò darí ọ̀kẹ́sítírà rí láyé rẹ̀. Ó gbé igi náà sókè. Alága dúró láàárín ọ̀nà, kò mọ ibi tí yóò gbà. Wọ́n dé àárín. Tírọ́mpẹ́ẹ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ̀kalẹ̀ sórí itan, orin ìyá sì jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ó ṣe máa ń jáde nídìí òfì, débi pé èèyàn ń gbọ́ ariwo fáànù lókè. Naomi ò sunkún. Ó ń ka yàrá ni, nítorí bí ó bá ṣì í kà, wọ́n á ní ṣebí àwọn ti sọ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó ka méjìlélọ́gbọ̀n pé, ó nàka sí àwọn onítírọ́mpẹ́ẹ̀tì. Àwọn mẹ́ta wọlé, bó ṣe yẹ, lórí fáyólìn tó ṣì ń gbé orin náà lọ. Andrew ò wọlé. Tírọ́mpẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì wà lórí itan, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ó ń gbọ́ orin, ó sì ti gbàgbé pé òun ní láti fọn.

Naomi rí i. Ó yí ọwọ́ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta yòókù, ó sì fi Andrew sílẹ̀ kó gbọ́ ọ tán.